Ènì Kọ́ Ni Ọjà: Bí Mo Ṣe Ń Lo Báńkì Orí Fóònù ní Bódìjà

Èlùbọ́ ni mò ń tà ní ọjà Bódìjà. Bí mo bá wọn kóńgò kan fún oníbàárà, màá bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e lórí. Ènì nìyẹn. Ẹni tí n kò bá fún ní ènì, ìsọ̀ kejì ni yóò yà sí lọ́jọ́ mìíràn. Àmọ́ àwa tí à ń tajà mọ ibi tí ènì ti ń wá: inú owó tí oníbàárà san náà ni. Kò sí ẹni tó ń gbé ènì wá láti ilé bàbá rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé nígbà tí àbígbẹ̀yìn mi kọ́kọ́ fi áàpù báńkì hàn mí, tó ní, "Màámi, bí ẹ bá fi ra káàdì ìpè, wọ́n á dá díẹ̀ padà fún yín, cashback ni wọ́n ń pè é," ohun tí mo bi í ni pé ta ló ń sanwó ènì yẹn? Ó rẹ́rìn-ín. Ọdún bíi mẹ́ta rèé tí mo ti ń lò ó, mo sì ti rí ìdáhùn. Mo ní kó jókòó kó máa bá mi tẹ èyí, nítorí pé ojoojúmọ́ ni àwọn ìyá ọjà ẹlẹgbẹ́ mi ń na fóònù sí mi pé kí n bá wọn wò ó bóyá owó ti wọlé.

Kì í ṣe ènì ló gbé mi dé ìdí áàpù. Ọ̀wọ́n náírà ni. Ẹ rántí oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí wọ́n ní kí a kó 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ lọ sí báńkì, tí tuntun kò sì tó nílẹ̀. Èlùbọ́ kún ìsọ̀ mi, kò sówó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ rà á. Áàpù báńkì alájà mẹ́ta tí mo ti ń bá bọ̀ tipẹ́ kò ṣí. Lọ́jọ́ tó bá ṣí, owó á kúrò lọ́dọ̀ mi, kò sì ní dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń kó èlùbọ́ fún mi ní Ṣakí. Ìyá oníata tó kọjú sí mi ní OPay, áàpù báńkì orí fóònù kan. Tirẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀. Kí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ tó sọ ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta pé kí á ṣì máa ná owó àtijọ́, èmi náà ti ṣí tèmi.

Kí ẹ tó ṣí i

Báńkì tí kò ní ilé tí èèyàn lè lọ pariwo sí, ìwé àṣẹ rẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ wò. Orúkọ tó wà lára áàpù kì í fìgbà gbogbo jẹ́ orúkọ tó wà lórí ìwé àṣẹ, nítorí náà ẹ yí áàpù náà sísàlẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n kọ CBN, ìyẹn Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, àti NDIC sí, kí ẹ ní kí ọmọ yín wá orúkọ náà lórí ìkànnì CBN. Àwọn ìwé àṣẹ náà kì í ṣe ẹ̀yà kan náà. Kuda, áàpù báńkì mìíràn, gba ìwé àṣẹ microfinance, ìyẹn ti báńkì kékeré, ní 2019. Ti mobile money, ìyẹn ti iléeṣẹ́ tó ń gbé owó kiri lórí fóònù, ni OPay fi bẹ̀rẹ̀. Kí ló kàn wá níbẹ̀? Ó kàn wá, nítorí NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó máa ń san owó fún àwa ará ìta bí báńkì bá kú. Láti oṣù karùn-ún ọdún 2024, 5,000,000 náírà ni wọ́n ń dúró fún bó bá jẹ́ báńkì ńlá, 2,000,000 bó bá jẹ́ microfinance, 5,000,000 bó bá jẹ́ mobile money. Tẹ́lẹ̀, ti microfinance kò ju 200,000 lọ. Nítorí náà, bí owó yín bá ju iye yẹn lọ, ẹ má kó gbogbo rẹ̀ síbì kan.

Inú Play Store ni kí ẹ ti gbé áàpù. Èyí tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, pẹ̀lú ìlérí pé ẹ ó gba 5,000 bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Wọ́n á béèrè BVN, nọ́ńbà tí gbogbo báńkì fi ń dá yín mọ̀, àti NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ti ìjọba. Nọ́ńbà mọ́kànlá-mọ́kànlá ni méjèèjì. Bí ẹ bá ti gbàgbé BVN, ẹ tẹ *565*0# lórí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀, 20 náírà ni wọ́n máa yọ. Ibi tó ti há mi lọ́rùn ni ọjọ́ ìbí. Bàbá mi kò kọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi sílẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ọdún tí ogun Biafra bẹ̀rẹ̀ ni. Ní báńkì, mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ 1967. Níbi NIN, ọmọkùnrin tó ń tẹ̀wé wo ojú mi, ó ní, "Màmá, ẹ ò tíì dàgbà tó bẹ́ẹ̀," ó kọ 1970. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo fẹ́ ṣí àkáǹtì, áàpù ní ẹni méjì ni mí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi lọ, tí mo fi bọ̀, kí wọ́n tó tún un ṣe. Ẹ̀yin tí orúkọ ilé ọkọ wà lórí ọ̀kan, tí orúkọ bàbá wà lórí èkejì, ẹ lọ tún un ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ ya ojú yín, ẹ tú gèlè, ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀.

Ẹ má dúró ní ìpele kìíní tí àkáǹtì fi ń bẹ̀rẹ̀. Lórí ìpele yẹn, owó tó lè jáde lóòjọ́ kò ju 50,000 lọ, èyí tó sì lè wà nínú rẹ̀ kò ju 300,000 lọ. Àwọn tó ń sunkún ní ọjà pé áàpù ti gbé owó wọn mì, ìpele kìíní ni ọ̀pọ̀ wọn wà. Ẹ fi àdírẹ́sì àti ìwé ìdánimọ̀ kún un, ó parí.

Ilẹ̀kùn

Báńkì tó wà ní ìgboro ní ọlọ́pàá lẹ́nu ọ̀nà, ó ní ilẹ̀kùn irin, ó ní ọmọbìnrin tó máa wo ojú yín kó tó sanwó. Èyí tó wà lórí fóònù kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ẹ̀yin fúnra yín ni ọlọ́pàá, ẹ̀yin náà ni ilẹ̀kùn. Ìyà ló kọ́ mi ní èyí.

Mọ́kọ́lá ló ti ṣẹlẹ̀. Inú takisí Micra ni mo wà, wíńdò wà ní ṣíṣí, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ mú wa, ni ọwọ́ kan bá wọlé tó já fóònù gbà létí mi. Mò ń sunkún fóònù, n kò mọ̀ pé fóònù ló kéré jù nínú ohun tí mo pàdánù. Wọ́n yọ síìmù mi, wọ́n tì í bọ fóònù tiwọn, wọ́n tẹ kóòdù báńkì, àwọn tó máa ń fi ìràwọ̀ bẹ̀rẹ̀ yẹn. Kóòdù yẹn kò nílò áàpù, kò nílò dátà, PIN nọ́ńbà mẹ́rin péré ló ń béèrè. PIN mi sì ni ọdún ìbí mi. Ọdún ìbí mi wà lára káàdì ìdìbò. Káàdì ìdìbò wà níbi tí mo há a sí, láàárín fóònù àti páálí ẹ̀yìn rẹ̀. Kí n tó délé, 63,000 náírà ti lọ.

Nítorí náà, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe, kó tó di ti áàpù rárá, ni kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí síìmù. Ẹ lọ sí Settings, ẹ wá Security, ẹ wá SIM lock. Ẹ má tíì tẹ nǹkan kan o. Síìmù ní PIN tó bá a wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó tà á. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún yín, kí ẹ wá fi tiyín rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, yóò béèrè PUK, nọ́ńbà mìíràn tí iléeṣẹ́ síìmù fi ń ṣí i. Bí ẹ bá ṣi PUK tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, síìmù ti kú nìyẹn. Lẹ́yìn tí ẹ bá ṣe é tán, ẹni tó bá yọ síìmù yín sínú fóònù mìíràn, PIN ni yóò bá pàdé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ jẹ́ kí PIN fóònù, PIN áàpù àti PIN káàdì yàtọ̀ síra wọn. Kì í ṣe ọdún ìbí, kì í ṣe 1234, kì í ṣe ìparí nọ́ńbà fóònù. Tèmi, iye kan tí mo ra àpò èlùbọ́ kan nígbà kan ni. Kò sẹ́ni tó lè rántí rẹ̀ àfi èmi. Ẹ ní kí ọmọ yín ṣe é kí àtẹ̀jíṣẹ́ má máa hàn lójú fóònù tó wà ní títì, nítorí pé OTP, nọ́ńbà ìlò ẹ̀ẹ̀kan tí báńkì ń fi ránṣẹ́, tí olè lè kà láìṣí fóònù kò yàtọ̀ sí kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi sábẹ́ ẹní ẹnu ọ̀nà. Ẹ kọ́ bí ẹ ó ṣe ti káàdì pa nínú áàpù, ìtẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ni. Èmi máa ń tì í pa bí n kò bá lọ ra nǹkan. Owó tí ẹ ń tọ́jú pamọ́, ẹ fi sínú áàpù tí kò sí lórí fóònù tí ẹ ń gbé wọ Micra.

Bí wọ́n bá sì ti já a gbà: ẹ yá fóònù ẹni tó wà nítòsí, ẹ pe báńkì kí wọ́n ti àkáǹtì, ẹ pe iléeṣẹ́ síìmù kí wọ́n ti síìmù. Báńkì ni kó ṣáájú. Ẹkún lè dúró.

Àwọn tó máa ń pè pé "Màmá, a fẹ́ ti BVN yín pa" kò nílò àlàyé gígùn. Ẹ gé fóònù lé wọn lórí. Báńkì kan kì í béèrè OTP.

Owó tó ń wọlé, owó tó ń jáde

Alert, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé owó ti wọlé, kì í ṣe owó. Ọkùnrin kan wá ra èlùbọ́ ìnáwó, 85,000 náírà. Alert dún lórí fóònù mi lóòótọ́, orúkọ báńkì wà lórí rẹ̀, iye náà pé. Mo ṣí áàpù, iye tó wà níbẹ̀ láàárọ̀ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Mo ní kò burú, kó jókòó lórí àpò èlùbọ́ rẹ̀ títí nẹ́tíwọ̀kì á fi dé, mo sì fún un ní omi tútù. Ó ní òun fẹ́ lọ wo mọ́tò òun. Títí di òní, ó ṣì ń wo mọ́tò. Ẹ má gba alert orí àtẹ̀jíṣẹ́ gbọ́, ẹ má gba àwòrán tí oníbàárà na sí yín gbọ́. Ẹ ṣí áàpù tiyín, ẹ wo iye tó wà nínú rẹ̀. Bí dátà bá tán, ẹ ní kí oníbàárà ní sùúrù.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, orúkọ ni kí ẹ kà, kì í ṣe nọ́ńbà. Nọ́ńbà àkáǹtì jẹ́ mẹ́wàá níbi gbogbo ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n lórí OPay àti PalmPay, nọ́ńbà fóònù tí wọ́n ti yọ òdo iwájú rẹ̀ ni nọ́ńbà àkáǹtì. Ó rọrùn láti rántí. Ó sì rọrùn láti ṣìnà: ẹ mú báńkì tí kì í ṣe òun, nọ́ńbà náà lè jẹ́ ti ẹlòmíràn pátápátá. Ẹni tuntun ní Ṣakí, 100 náírà ni mo máa ń kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, màá ní kó ka orúkọ tó rí fún mi.

Bí owó bá kúrò tí kò dé, ẹ má fi òmíràn ránṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Mo ti ṣe é, méjèèjì dé lọ́jọ́ kejì, ẹni tí mo fi ránṣẹ́ sí sì ti fi ra iṣu. Ẹ ṣí rìsíìtì rẹ̀ nínú áàpù, ẹ wá Session ID, nọ́ńbà gígùn kan ni. Òun ni kí ẹ fi ránṣẹ́ sí báńkì, kí báńkì tó gbà á náà lè fi wá a. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ ATM báńkì mìíràn ló gbé e mì, CBN ti sọ láti 2020 pé kó padà láàárín wákàtí 48. Bó bá jẹ́ POS, wákàtí 72. Bí báńkì bá ń fi yín ṣeré kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń gbèjà oníbàárà ní CBN, cpd@cbn.gov.ng. Ẹ kọ ọjọ́, iye, Session ID. Ẹ má kọ èébú, bó ti wù kó dùn lẹ́nu tó.

Ta ló ń sanwó ènì?

Ó dáa, a ti dé ibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí à ń ṣe ń ṣírò àpò.

Káàdì ìpè tí mò ń rà lóṣù kò ju 3,000 lọ. Bí wọ́n bá dá náírà 2 padà lórí 100, 60 náírà ni ènì mi lóṣù. Láti oṣù kẹta ọdún 2025, bí mo bá fi káàdì mi gba 20,000 lẹ́nu ẹ̀rọ báńkì mìíràn, 100 náírà ni wọ́n ń yọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tí kò sí ní ọgbà báńkì, bí èyí tó wà ní ilé epo, wọ́n lè fi tó 500 kún 100 yẹn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo gbà á ní ilé epo. 600 náírà lọ. Ènì oṣù mẹ́wàá ni mo fi jóná láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ibi tí èrè wà fún èmi ni owó ìfiránṣẹ́. Báńkì lè gba 10 náírà lórí ohun tí kò ju 5,000 lọ, 25 lórí èyí tí kò ju 50,000 lọ, 50 lórí èyí tó ju bẹ́ẹ̀. Áàpù tèmi ń fún mi ní àwọn kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni mò ń fi owó tó ju 50,000 lọ ránṣẹ́ sí Ṣakí lóṣù. 400 náírà ni mò ń dá sí, tí kò sẹ́ni tó polówó rẹ̀ fún mi. Owó tí ìjọba ń gbà yàtọ̀: 50 náírà lórí gbogbo ohun tó bá tó 10,000. Àwọn áàpù bọ́ sínú rẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2024. Ẹni tó gba owó ló ń san án tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2026, ó ti di ti ẹni tó fi ránṣẹ́.

Ẹ wá gbọ́ ti káàdì. Áàpù á ní kí n máa fa káàdì ní ìsọ̀ dípò owó ọwọ́, wọ́n á fún mi ní ènì. Èmi náà ní POS ní ìsọ̀. Bí oníbàárà bá fa káàdì fún 10,000, wọ́n á yọ ìdajì náírà lórí 100 lọ́wọ́ mi, 50 náírà nìyẹn. Kò lè ju 1,000 lọ bó ti wù kí ọjà tóbi tó. Báńkì tó ni POS gba nínú rẹ̀, báńkì tó ni káàdì náà gba nínú rẹ̀. Nínú ìpín tí báńkì tó ni káàdì gbà yẹn ló ti lè bu díẹ̀ fún oníbàárà, kó pè é ní ẹ̀bùn. Nígbà tí ọmọ mi ṣàlàyé èyí tán, mo dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Inú èlùbọ́ mi ni wọ́n ti ń bu ènì! Ti káàdì ìpè náà, àwọn iléeṣẹ́ síìmù ló ń dín owó kù fún wọn, wọ́n sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún wa.

N kò bínú sí i. Mò ń gbà á. Àmọ́ n kì í ra ohun tí n kò fẹ́ rà nítorí rẹ̀, mo sì ti ní kí ọmọ mi pa gbogbo ìkéde tẹ́tẹ́ lẹ́nu mọ́, nítorí pé níbẹ̀ ni mo ti rí ènì tó tóbi jù nínú áàpù tèmi. Bọ́tìnì "yá owó" náà, ojú ni mo fi ń wò ó.

Ti owó èlé ojoojúmọ́ yàtọ̀, ìyẹn dáa. Bí wọ́n bá kọ 15 nínú 100 lọ́dún, 100,000 tó bá jókòó síbẹ̀ á máa mú bíi 41 náírà wá lóòjọ́. Ẹ fi wé alájọ wa. Ẹni tó ń dá 1,000 lójúmọ́, owó ọjọ́ kan lóṣù ni alájọ ń mú, 12,000 lọ́dún. Síbẹ̀, mo ṣì ń dá àjọ, nítorí pé alájọ kò sí lórí ibùsùn mi ní aago mẹ́wàá alẹ́ tí àǹkárá ń wọlé lórí WhatsApp. Áàpù wà níbẹ̀. Bí ẹ bá máa fi pamọ́ sínú áàpù, ẹ lo ibi tí wọ́n ti ń tì í pa títí di ọjọ́ tí ẹ mú. PiggyVest tó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwòrán kóló onígi tí obìnrin kan fi owó sí lójoojúmọ́ fún odidi ọdún kan ló fún àwọn tó dá a sílẹ̀ lérò. Kóló náà ni, wọ́n kàn gbé e wọ fóònù.

Ohun kan kù. Nínú agolo tí mo fi ń tọ́jú ṣéńjì, bébà kan wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí mo lè fi pe báńkì àti iléeṣẹ́ síìmù wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú kóòdù tí áàpù fún mi láti fi ti àkáǹtì pa lórí fóònù ẹlòmíràn, àti nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù, oní-mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tó máa ń jáde bí ẹ bá tẹ *#06#. Ọmọ mi ní ẹ̀dà kan, àbúrò mi ní Ṣakí ní èkejì. Kò sí PIN kankan lórí rẹ̀, káàdì ìdìbò mi sì ti wà nínú àpótí nílé.